Fọwọ́ Bà á Wò: Iṣẹ́ Ọnà Yorùbá àti Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Kò Fojú Ríran

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Òwe yìí ti di àwíjàre fún ọ̀pọ̀ ìwà tí kò yẹ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ àṣà Yorùbá bá dé orí ère gbígbẹ́, igbá fífín tàbí aṣọ adìrẹ, àwòrán inú ìwé ni olùkọ́ sábà máa ń gbé síwájú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa gbọ́ orúkọ ọnà tí kò mọ bí ó ti rí. Bí ìdánwò bá dé, olùkọ́ aláàánú lè ní kí ó fo ìbéèrè lórí iṣẹ́ ọnà, kí ó dáhùn ti ewì alohùn, nítorí pé etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ewì. Àánú yìí kò burú lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi du akẹ́kọ̀ọ́ náà kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà ni yóò di olùkọ́ lọ́la, tí yóò dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ láti kọ́ wọn ní àṣà tí àwọn tí ó kọ́ ọ kò fi hàn án tán.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ọnà Yorùbá ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò fojú ríran. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pàtẹ rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni ní ìmọ̀ rẹ̀ ni ó ti ìlẹ̀kùn náà. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, iṣẹ́ yìí yóò yẹ èdè wò, yóò yẹ ìtàn ìlò ère wò, yóò sì fi òṣùwọ̀n tí Yorùbá fúnra wọn fi ń ṣe lámèyítọ́ ọnà díwọ̀n ohun tí ọwọ́ lè mọ̀. Yóò tọ́ka sí ibi tí agbára ọwọ́ pin sí pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ náà má baà di àsọdùn.

Ohun tí 'wíwò' jẹ́ nínú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'wò' kì í ṣe ti ojú nìkan. Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó yóò tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ẹrù ti wúwo tó yóò gbé e wò. Ìyá tí ó fura pé ara ọmọ rẹ̀ gbóná yóò fọwọ́ bà á wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ òkè lọ́jà kò ní fi ojú nìkan rà á. Yóò fi àtàǹpàkò àti ìka pa á wò kí ó lè mọ bí ó ti ki tó. Ìwádìí ni 'wò' túmọ̀ sí nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí: kí ènìyàn lo ẹ̀yà ara tí ó bá yẹ láti fi mọ òótọ́ nípa nǹkan.

Òtítọ́ ni pé èdè nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́, nítorí pé Yorùbá tí ó ní 'fọwọ́ bà á wò' náà ni ó ní ojú lọba ara. Ṣùgbọ́n ọba kì í dá nìkan ṣe ìlú. Ìjòyè a máa wà lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ kan sì wà tí ó jẹ́ ti ìjòyè tí ọba kì í ṣe. Bí ó ti rí láàrin ojú àti ọwọ́ nìyẹn. Ojú kì í mọ bí nǹkan ti wúwo, kì í sì í mọ bí ó ti tutù tàbí bí ó ti le.

Ọwọ́ àti ère nínú ìlò àtijọ́

Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a máa lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kí ó gbẹ́ ère fún un. Wọn kò gbé ère náà kalẹ̀ fún àwòmọ́jú. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fún un ní oúnjẹ, a sì máa tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tí ó wà láàyè. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, imú ère yóò ti tẹ́, ojú àti ẹnu rẹ̀ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Irú ère bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kárí ayé lónìí. Ẹni tí ó bá fi ojú nìkan wo ère bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìka tọ ojú rẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò ni ó jẹ ẹ́; ọwọ́ ìyá ni ó fi ọdún pípẹ́ dán an.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí lórí ère ìbejì ni ó rí lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà mìíràn. Ọwọ́ ni babaláwo fi ń di ìrọ́kẹ́ mú, tí ó sì fi ń lu ọpọ́n Ifá. Ọwọ́ ni olórìṣà fi ń gbé oṣé Ṣàngó jó. Etí ọpọ́n Ifá kún fún ọnà tí ó yọ sókè, àárín rẹ̀ sì tẹ́jú láti gba ìyẹ̀rosùn. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro fún ìka láti mọ̀. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe wọ́n fún ọwọ́ àti fún ojú pọ̀. Ìgbà tí wọ́n kó wọn lọ sẹ́yìn gíláàsì ni wọ́n di ti ojú nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìríran fọwọ́ kan ère kò mú àṣà tuntun wá. Ìlò àtijọ́ ni ó ń bèèrè fún.

Òṣùwọ̀n lámèyítọ́ Yorùbá àti ohun tí ọwọ́ lè mọ̀

Ní ọdún 1973 ni àròkọ Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn ọnà ọmọ Amẹ́ríkà, lórí lámèyítọ́ ọnà láàrin Yorùbá jáde. Àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ni ó lọ bi léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Lára òṣùwọ̀n tí ó kó jọ ni jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, dídọ́gba àti ọ̀dọ́. Ó yẹ kí òṣùwọ̀n wọ̀nyí gba ìdánwò lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo nínú wọn ni ó jẹ́ ti ojú nìkan?

Dídán ni ó kọ́kọ́ yẹ fún àyẹ̀wò. Ojú ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ yànrànyànràn lára igi tí ó dán, ṣùgbọ́n ohun tí ó fa ìmọ́lẹ̀ náà ni pé igi ọ̀hún ń yọ̀, kò ní ẹ̀gún. Ọwọ́ mọ èyí ju ojú lọ. Ìpele dídán àti ìpele fínfín ni ó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ìpele dídán, ọ̀bẹ ń mú ibi tí ó rí págunpàgun kúrò. Ní ìpele fínfín, wọ́n ń gé irun, ilà ojú àti ọnà aṣọ sí ara ère. Ìka tí ó bá kọjá láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó dán sórí irun tí wọ́n fín yóò mọ ibi tí iṣẹ́ kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Gígún àti dídọ́gba tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ère, ọ̀tún ní ọ̀tún, òsì ní òsì, tí ó sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí èjìká kan bá ga ju èkejì lọ. Ọwọ́ méjì jẹ́ ìwọ̀n fún ara wọn.

Jíjọra kò túmọ̀ sí kí ère jọ ènìyàn kan pátó. Ohun tí àwọn Yorùbá ń fẹ́ ni kí ère jọ ènìyàn láìjẹ́ pé ó jọ ọ́ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ère, orí a máa tóbi ju bí orí ènìyàn ti tóbi sí ara rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran lè fi ìka wọn orí ère láti àgbọ̀n dé àtàrí, kí ó sì fi ìwọ̀n yẹn wọn gbogbo ìdúró rẹ̀. Bí ó bá rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni ìwọ̀n orí lọ nínú gbogbo ara, yóò bèèrè ìdí. Ìbéèrè yìí ni yóò gbé e dé orí ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa orí àti ìpín. Lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ojú níbẹ̀.

Ọ̀dọ́ jẹ́ pé kí ère fi ènìyàn hàn ní ìgbà tí agbára rẹ̀ pé. Ọmú tí ó le, ẹ̀yìn tí kò tẹ̀, awọ tí kò hunjọ, gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ lè mọ̀. Ìfarahàn nìkan ni ó dà bí ẹni pé ó jẹ́ ti ojú, nítorí ohun tí ó bá fara hàn ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n bí ẹni bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, 'fi ara hàn' ni yóò bá níbẹ̀. Ara ni ère fi ń hàn. Ère tí ó ní ìfarahàn ni èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, tí ètè kò lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, tí ìka ẹsẹ̀ sì ṣeé kà. Èyí tí ìka lè kà ní ìfarahàn. Èyí tí ó da ìka rú kò ní in.

Àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọnijẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Àwọn kan nínú wọn ní ilà tín-ín-rín tí ó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ojú àwọn mìíràn sì dán gbọrọ. Àwọn kan ní ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu àti àgbọ̀n ká, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n fi ihò náà ṣe. Bí ẹni tí kò ríran bá fọwọ́ ka ẹ̀dà irú orí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi idẹ dà, ilà àti ihò wọ̀nyí gan-an ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé lórí wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì lè dá sí àríyànjiyàn náà.

Aṣọ àti àwọ̀: ibi tí agbára ọwọ́ pin sí

Gbogbo èyí kò fi hàn pé kò sí ohun tí ojú mọ̀ tí ọwọ́ kò mọ̀. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ tán, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì lù ú, ọnà ara rẹ̀ ti di àwọ̀ lásán. Ọwọ́ tí ó bá kọjá lórí rẹ̀ yóò bá aṣọ tí ó tẹ́jú láti etí dé etí. Bí olùkọ́ bá fún akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran ní adìrẹ tí ó ti parí, kò tíì fún un ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n adìrẹ ní ìgbà kan tí ọnà rẹ̀ wà ní sàn-án fún ọwọ́. Kí wọ́n tó ri í bọ aró, aládìrẹ yóò fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi làfún sè. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, yóò le, yóò sì yọ sókè lójú aṣọ. Ní àkókò yìí, ìka lè tọ òpó gbọ̀ngàn Mápó lára aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bákan náà ni adìrẹ oníko rí: kókó tí wọ́n fi iko dì ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú u. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ ọnà parí nìkan ni ó yẹ kí wọ́n fi hàn ènìyàn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ mọ adìrẹ gbọ́dọ̀ ní aṣọ mẹ́ta lọ́wọ́: èyí tí wọ́n ti ya ẹ̀kọ sí, èyí tí wọ́n ṣì so ní iko, àti èyí tí ó ti parí. Àwọn tí ó ríran nínú kíláàsì náà yóò jèrè rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń wọ adìrẹ láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá fi ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n sì so àwọ̀ mọ́ ìwà. Funfun bá ìtutù lọ, ó jẹ́ ti Ọbàtálá. Pupa bá ìgbóná lọ, ó bá Ṣàngó mu. Ẹni tí kò rí pupa rí ti mọ ohun tí ó gbóná, ó sì lè mọ ìdí tí oníṣẹ́ fi lo pupa níbi kan tí ó fi lo funfun níbòmíràn. Síbẹ̀, bí aró tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò sí ọwọ́ tí ó lè mú un. Olùkọ́ olóòótọ́ yóò sọ bẹ́ẹ̀ láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ohun kan wà tí àṣà fúnra rẹ̀ kò gbà kí ọwọ́ kàn, bí agọ̀ egúngún tí ó ń jó lọ́wọ́. Níbẹ̀, aríran àti aláìríran kò yàtọ̀ síra: ìró ìlù, ohùn egúngún àti atẹ́gùn tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ ni wọ́n jọ ń gbà.

Àwọn ìgbìyànjú òkè òkun àti ilẹ̀kùn Olówè

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dára kí wọ́n gba lámèyítọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1993 ni wọ́n dá Museo Omero sílẹ̀ ní ìlú Ancona ní ilẹ̀ Ítálì. Tọkọtaya aláìríran kan, Aldo Grassini àti Daniela Bottegoni, ni ó mú èrò rẹ̀ wá. Wọ́n kó ẹ̀dà àwọn ère olókìkí àti ojúlówó ère òde òní síbẹ̀ fún fífọwọ́kàn. Ní ọdún 2015, ilé ọnà Prado ní Madrid, ní ilẹ̀ Sípéènì, ṣe ìpàtẹ àwòrán mẹ́fà tí wọ́n sọ di ẹ̀dà olójú-yíyọ, kí aláìríran lè fi ìka tọ ohun tí ó jẹ́ àwòrán ọ̀dà pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ Prado yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Ta ni ó pinnu bí irun inú àwòrán yóò ti yọ sókè tó, tàbí bí aṣọ yóò ti rí lábẹ́ ìka? Kì í ṣe ayàwòrán, nítorí ọ̀dà pẹrẹsẹ ni ó fi sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀dà ni. Ìtúmọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni túmọ̀ ewì láti èdè kan sí òmíràn. Ìtúmọ̀ wúlò, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu akéwì.

Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Lára rẹ̀, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì gbé òyìnbó aláṣẹ bọ̀ nínú àga ìgbérù ní apá kejì. Olówè kò fín wọn sínú pákó. Ó gbẹ́ wọn yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn yìí dé ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924. British Museum sì gbà á, wọ́n fún Ògògà ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Bí aláìríran bá fọwọ́ ka ẹ̀dà rẹ̀, kò nílò ìtúmọ̀. Bí àgbẹ́yọ náà ti ga tó, Olówè fúnra rẹ̀ ni ó pinnu rẹ̀. Ohun tí Prado fi ọgbọ́n ẹ̀rọ wá, gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ti fi ọ̀bẹ ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Àwọn kan lè sọ pé òógùn ọwọ́ ń ba iṣẹ́ àtijọ́ jẹ́. Òótọ́ ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ pa ère amọ̀ Ifẹ̀ tàbí ère òkúta rírọ̀ ti Èsìẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn tí ń da idẹ ṣì wà láàyè, wọ́n lè ṣe ẹ̀dà, owó tí wọ́n bá sì san fún wọn yóò mú iṣẹ́ wọn dúró.

Àpèjúwe ẹnu àti ewu inú rẹ̀

Ọwọ́ nìkan kò tó. Ojú a máa rí odidi nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tó yà sí ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ̀yà ni ọwọ́ ń bá pàdé, láti orí ọ̀kan sí òmíràn, kí ó tó kó wọn jọ di odidi. Bí etí ti ń gbọ́ ẹsẹ Ifá náà nìyẹn, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, tí ìtumọ̀ kò sì ní pé títí tí ẹsẹ yóò fi parí. Fún ìdí èyí, olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ odidi: bí ère ti ga tó, bóyá ó dúró tàbí ó kúnlẹ̀, ibi tí ó kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí ọwọ́ lọ, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, láìkánjú.

Ewu méjì ni ó wà níbi àpèjúwe. Èkíní ni kí olùkọ́ fi ìdájọ́ ṣe àpèjúwe. Bí ó bá ní 'ère yìí rẹwà púpọ̀', ó ti ṣe lámèyítọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tán. Bí ó bá ní 'obìnrin ni, ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá dání, orí adìẹ wà lórí igbá náà', ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ewu kejì fara sin. Àwọn kan a máa yin aláìríran pé ó ní ojú-inú, pé ohun tí ojú kò rí ni ọkàn rẹ̀ ń rí. Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọnà àti èdè Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 2014, jẹ́ kí ó yé ni pé ojú-inú àti ojú-ọnà wà lára ohun tí ó ń mú oníṣẹ́ ọnà pegedé. Ìmọ̀ àti ìlò ni ó ń la ojú méjèèjì yìí. Ìfọ́jú kì í bí ojú-inú, bẹ́ẹ̀ ni ìríran kì í bí ojú-ọnà. Bí wọ́n bá fi ìyìn yìí dípò ère tí ó yẹ kí wọ́n gbé lé aláìríran lọ́wọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Òfin ti wà nílẹ̀. Àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ti ọdún 2006, sọ nínú abala 30 pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú ìgbé ayé àṣà bí àwọn ẹlòmíràn. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí i pátápátá ní ọdún 2010. Ní ọdún 2019, òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀ di òfin ní Nàìjíríà. Ẹ̀tọ́ ni ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ó ti kúrò ní ti àánú.

Ohun tí olùkọ́ yóò ṣe kò gba owó ńlá. Ère kan tí gbẹ́nàgbẹ́nà òde òní gbẹ́, igbá fífín kan, aṣọ òkè kan tí ó ní ihò, àti adìrẹ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ wọn ti ṣáájú, wọ́n tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò sì yẹ kí wọ́n gbàgbé ẹni tí ó ń ríran bàìbàì. Kí wọ́n gbé ère dúdú sórí aṣọ funfun, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá kí òjìji ọnà lè hàn, kí àkọlé sì jẹ́ lẹ́tà gàdàgbà. Ní ti ìdánwò, kí wọ́n gbé ère méjì lé tábìlì, kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gígún, dídán àti dídọ́gba ṣe àfiwé wọn. Ìbéèrè kan náà ni kí aríran àti aláìríran dáhùn, òṣùwọ̀n kan náà ni kí wọ́n fi gba máàkì.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé 'wò' nínú èdè Yorùbá gba ọwọ́ mọ́ra, pé ọ̀pọ̀ ère Yorùbá ti inú ọwọ́ ènìyàn dé ẹ̀yìn gíláàsì, àti pé òṣùwọ̀n tí Yorùbá fi ń ṣe lámèyítọ́ ère kò yọ ẹni tí kò fojú ríran sílẹ̀. Ó tún tọ́ka sí ohun tí ó kọjá agbára ọwọ́, pàápàá àwọ̀, tí ó nílò àlàyé ẹnu tí kò ní àsọdùn. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ aláìríran fo ìbéèrè lórí iṣẹ́ ọnà kò ní àwíjàre nínú àṣà Yorùbá. Kí ó gbé ère sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ níwọ̀nba, kí ó sì dákẹ́ díẹ̀, kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.